Ẹ má tíì fọ̀ ọ́ o: ìbéèrè yín lórí dọ́là fàdákà tí ẹ jogún

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nínú ìwé ìròyìn tó jáde kọjá mo fẹnu ba ọ̀rọ̀ owó fàdákà Amẹ́ríkà àtijọ́ díẹ̀, kí n tó mọ̀ lẹ́tà ti kún gbogbo ilẹ̀, ó jọ pé ọ̀pọ̀ wa tó wà lọ́hùn-ún ló ní ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀ tá ò mọ ohun tá a máa ṣe sí i. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rin ni mo mú, àkọ́kọ́ ló gùn jù torí òun ló kó ọ̀rọ̀ àwọn yòókù sínú.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò bàbá mi tó ti wà ní Chicago láti 1970 ló kú lọ́dún tó kọjá. Nínú ẹrù tí wọ́n pín kàn mí, dọ́là fàdákà kan wà níbẹ̀, wọ́n kọ 1884 sí i, orí obìnrin wà níwájú, ẹyẹ idì wà lẹ́yìn, lẹ́tà kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí mi ò rí dáadáa, bóyá O ni bóyá S ni. Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ra góòlù ní àwọn máa fún mi ní 40 dọ́là. Mo dé orí íntánẹ́ẹ̀tì mo rí ẹnì kan tó ń ta 1884 tiẹ̀, 50,000 dọ́là ló pè é. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ọkọ mi sì ní ká fi péèsì ìfọyín fọ̀ ọ́ kó mọ́ ká tó ya fọ́tò ẹ̀. (Ìyá Ìbejì, Chicago)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ lọ gba péèsì yẹn lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì. Mo bẹ̀ yín ni. Kì í ṣe péèsì nìkan o, àti ọṣẹ, àti ọsàn wẹ́wẹ́, àti omi tí wọ́n ń tà pé ó ń mú fàdákà dán, ẹ má jẹ́ kí ìkankan kàn án. Kódà aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ fi ń nu gíláàsì ojú, ẹ má fi nù ún.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí ni mo ṣe ń pariwo. Ní 1998, ìyá àgbà kan tá a jọ ń gbé ilé kan náà ní Baltimore fún mi ní irú ẹ̀, 1880 ni tèmi, S ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Etí ẹ̀ ti dúdú díẹ̀, àárín ẹ̀ wá ní àwọ̀ bíi ti epo mọ́tò tó dà sórí omi, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ àlùkò díẹ̀. Èmi rò pé ìdọ̀tí ni. Mo fi péèsì bó o títí ó fi funfun báláú, inú mi sì ń dùn. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọkùnrin náà kàn yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná lẹ́ẹ̀mejì, ó ní "Ta ló fọ èyí?", owó fàdákà inú ẹ̀ nìkan ló sì lóun máa san. Àwọ̀ tí mo fọ̀ dànù yẹn gan-an làwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ máa ń sanwó lé lórí. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ohun tó fà á ni pé nígbà tí ẹ̀rọ bá gbá fàdákà mọ́lẹ̀ láti rọ owó, fàdákà yẹn máa ń ṣàn láti àárín lọ sétí, á sì fi ìlà wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè kà sílẹ̀ lára owó náà. Àwọn ìlà yẹn ló máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa yí lójú ẹ̀ bí ọ̀pá inú táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ bá ń dà á síbí síbí. Iyanrìn wẹ́wẹ́ ló wà nínú péèsì. Ó máa há àwọn ìlà yẹn kúrò, á fi tiẹ̀ rọ́pò wọn, kò sì sí ẹni tó lè dá tàtijọ́ padà.

Ó yá, dọ́là yín. Morgan ni wọ́n ń pè é, orúkọ ẹni tó ya àwòrán ara ẹ̀ ni, George T. Morgan. Wọ́n rọ ọ́ láti 1878 dé 1904, wọ́n tún padà rọ ọ́ ní 1921. Gíráàmù 26.73 ni ìwọ̀n ẹ̀, ó fẹ̀ ní mìlímítà 38.1, ìdá 90 nínú 100 ẹ̀ jẹ́ fàdákà, bàbà ni ìyókù. Fàdákà gidi tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ áúnsì 0.7734, áúnsì troy tí wọ́n fi ń wọn góòlù àti fàdákà ni mò ń sọ o. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn. Ẹ wo iye tí wọ́n ń ta áúnsì fàdákà kan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà, ẹ fi 0.7734 sọ ọ́ di ìlọ́po. Ká ní 50 dọ́là ni áúnsì kan, fàdákà inú tiyín nìkan ti jẹ́ 38.67. Ìyẹn ni ilẹ̀ tẹ́ ẹ dúró lé, ẹni tó bá ń pe iye tó jìnnà sísàlẹ̀ sí i fẹ́ rẹ́ yín jẹ ni. Àmọ́ ẹ rí i pé ọ̀gá tó ní 40 dọ́là yẹn, fàdákà nìkan ló ń rà, kò wo ọdún, kò wo lẹ́tà, torí náà kò tíì sọ iye owó yín fún yín rárá.

Lẹ́tà yẹn wá ńkọ́? Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ wá ẹ̀ka ewé tó yí ẹyẹ idì ká, ibi tí wọ́n ti ta á ní kókó nísàlẹ̀. Abẹ́ kókó yẹn gan-an, lókè D àti O tó wà nínú DOLLAR, ibẹ̀ ni lẹ́tà náà wà. Ẹ ra dígí tó ń mú nǹkan tóbi, èyí tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá, kì í wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí iná wá láti ẹ̀gbẹ́ dípò òkè, òjìji á fa lẹ́tà náà yọ. Ilé tí wọ́n ti rọ ọ́ ni lẹ́tà yẹn ń sọ. O ni New Orleans, S ni San Francisco, CC ni Carson City ní Nevada, tí ò bá sí lẹ́tà kankan, Philadelphia ni.

Ọdún 1884 tiyín yìí dùn ún sọ gan-an, torí ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló rọ ọ́ lọ́dún yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n àmọ́ orí wọn ò papọ̀. Philadelphia rọ ju mílíọ̀nù 14 lọ. New Orleans rọ 9,730,000. San Francisco rọ 3,200,000. Carson City rọ 1,136,000 péré. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èyí á ní Carson City ló máa wọ́n jù, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Ìjọba ò ná ti Carson City yẹn, inú àpò ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lé ní 960,000 nínú ẹ̀ tí wọ́n ṣì rí ní ìpamọ́, wọ́n sì tà á fún aráàlú láàárín 1972 sí 1980, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èyí tó mọ́ ló pọ̀ níta ju èyí tó gbó lọ. Owó ẹ̀ dáa, ó ju ti O àti ti Philadelphia lọ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó tó ń sọni di ọlọ́rọ̀. Ti New Orleans náà, àpò rẹpẹtẹ ni Treasury, ilé ìṣúra ìjọba Amẹ́ríkà, tú síta láti 1962, torí náà èyí tó mọ́ nínú ẹ̀ ò wọ́n rárá.

S ló yàtọ̀. Àwọn èèyàn ná an. Ó wọ ọjà, ó wọ àpò ṣòkòtò, ó lọ ó bọ̀ títí ó fi gbó, tìgbà tó sì di 1918, òfin kan tí wọ́n ń pè ní Pittman Act jáde tí ìjọba fi yọ́ ju mílíọ̀nù 270 lọ nínú irú dọ́là yìí, kò sì sẹ́ni tó kọ ọdún èwo tàbí lẹ́tà èwo tó wọná sílẹ̀. Nítorí ẹ̀, S 1884 tó ti gbó, owó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju tàwọn ọmọ ìyá ẹ̀ lọ, àmọ́ èyí tí ọwọ́ ò tíì ná rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni, àwọn tó mọ́ jù nínú wọn sì ti kọjá 100,000 ní gbàǹjo. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó pe 50,000 yẹn rí irú iye bẹ́ẹ̀ níbì kan kó wá gbé e lé ti Philadelphia ẹ̀ lórí. Iye téèyàn pè ò túmọ̀ sí iye tí wọ́n rà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́, iye tí gbàǹjo ti parí lé ni kẹ́ ẹ máa wò, ọdún kan náà, lẹ́tà kan náà, gíréèdì kan náà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí owó ṣe mọ́ tàbí bó ṣe gbó tó.

A ti dé orí gíréèdì. Nọ́ńbà 1 sí 70 ni wọ́n ń lò. Èyí tó ti jẹ débi pé ẹ kàn lè ka ọdún ara ẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, XF jẹ́ 40, ìyẹn ti jẹ díẹ̀, AU bẹ̀rẹ̀ ní 50, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ rárá, MS ló wá bẹ̀rẹ̀ ní 60, ìyẹn ò tíì wọ ọjà rí. Láàárín AU 58 sí MS 60 ni omi pọ̀ sí fún ẹni tó bá ní S 1884, torí ìyàtọ̀ méjèèjì ò ju bíńtín lójú, àmọ́ nínú owó, ẹgbẹ̀rún lórí ẹgbẹ̀rún ni.

Ẹ ṣe báyìí. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí tábìlì torí kó má baà já bọ́. Ẹ pa iná òkè, ẹ jẹ́ kó ku gílóòbù kan. Ẹ fi ọwọ́ méjì mú owó náà létí, ẹ má fọwọ́ kan ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa dà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo irun obìnrin náà lókè etí ẹ̀, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ẹ yí i sẹ́yìn ẹ wo àyà idì. Àwọn ibi tó yọ síta jù nìyẹn, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jẹ. Tí ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ń yí tí ò dáwọ́ dúró títí ó fi gba orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, ọ̀rọ̀ ti ń dùn. Tó bá dé orí irun tó já, tí ibẹ̀ ṣú bí eérú, ó ti wọ ọjà rí.

Ohun kan wà tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà níbí. New Orleans kì í sábàá gbá tiwọn mọ́lẹ̀ dáadáa, wàá rí i tí irun òkè etí tẹ́ pẹrẹsẹ, tí àyà idì ò níyẹ̀ẹ́, téèyàn á ní ó ti jẹ, bẹ́ẹ̀ kò jẹ o, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ẹ wo dídán ẹ̀. Èyí tó jẹ, dídán ibẹ̀ ti lọ. Èyí tí wọ́n ò gbá dáadáa, ó tẹ́ lóòótọ́ àmọ́ ó ṣì ń dán. Kẹ́ ẹ sì má bínú tẹ́ ẹ bá rí àpá kéékèèké lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀, 1,000 ni wọ́n ń kó sínú àpò kan tí wọ́n ń jù ú kiri, wọ́n ń gbá ara wọn nínú ibẹ̀. Bí àpá yẹn bá ṣe pọ̀ tó lójú gbangba ni nọ́ńbà MS ẹ̀ á ṣe lọ sílẹ̀ tó.

Nítorí náà Ìyá Ìbejì, tó bá jẹ́ O tó ti jẹ, tí áúnsì fàdákà kan ò sì ju nǹkan bí 50 dọ́là lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ tà, ọ̀gá 40 dọ́là yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà, ẹ kàn lè rí díẹ̀ sí i lọ́wọ́ ẹni tó ń ta owó àtijọ́. Tó bá jẹ́ S tó sì ń dán yí po, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni lórí káúńtà, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí PCGS tàbí NGC, ilé iṣẹ́ méjì tó ń fún owó àtijọ́ ní gíréèdì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Ẹ kọ̀wé padà sọ lẹ́tà tẹ́ ẹ rí fún mi, ara ń yá mi gan-an láti gbọ́.

Bọ̀ọ̀dá mi, bàbá ìyàwó mi fún wa ní Morgan 1893 tó ní S kí wọ́n tó papòdà. Mo kà á pé òun ló ṣọ̀wọ́n jù. Mo fi òṣùwọ̀n ìdáná wọ̀n ọ́n, gíráàmù 21.9 ló ń sọ. Òòfà ò fà á. Lẹ́tà ara ẹ̀ mọ́ kedere. Ṣé kí n máa yọ̀ ni? (D., Houston)

Àbúrò mi, ẹ má tíì yọ̀. Òótọ́ lẹ kà o, 100,000 péré ni San Francisco rọ ní 1893, kò sí Morgan tí wọ́n rọ fún ọjà tó kéré tó o, èyí tó gbó pátápátá nínú ẹ̀ gan-an ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Nítorí ẹ̀ náà làwọn ayédèrú ṣe pọ̀ lórí ẹ̀ ju ìkankan lọ.

Gíráàmù 21.9 yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Lílò máa ń jẹ fàdákà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣàṣà lèyí tó máa ń pàdánù ju gíráàmù kan sí méjì lọ, tó bá sì ti jẹ tó bẹ́ẹ̀, lẹ́tà ara ẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Tiyín dín ní nǹkan bíi gíráàmù márùn-ún, ẹ tún ní lẹ́tà ẹ̀ mọ́ kedere. Méjèèjì ò lè bára wọn gbé. Ẹ wá òṣùwọ̀n míì tó dáa kẹ́ ẹ tún un wọ̀n, bóyá ti ìdáná yẹn ló ń purọ́, àmọ́ tó bá tún sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe fàdákà ìjọba Amẹ́ríkà. Ti òòfà, kò já mọ́ nǹkan kan tó bá jẹ́ pé kò fà á, bàbà náà kì í lẹ̀ mọ́ òòfà. Ìgbà tó bá fà á nìkan ló sọ nǹkan fún yín.

Ká ní ìwọ̀n ẹ̀ pé, iṣẹ́ ò tíì tán náà. Àwọn kan máa ń mú 1893 ti Philadelphia tí ò ní lẹ́tà, fàdákà gidi, ìwọ̀n gidi, wọn á wá lẹ S mọ́ ọn lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n fi ń mú wọn ni pé ojú iwájú gbogbo 1893 S tòótọ́, orí irin ìtẹ̀ kan ṣoṣo ló ti jáde, irin yẹn sì ní àbùkù kékeré kan: ìlà tín-ín-rín kan tó yọ síta tó dagun, lára apá òkè lẹ́tà T tó wà nínú LIBERTY, lórí ọ̀já tó wà lórí irun obìnrin náà. Èyí tí ò bá ní in kì í ṣe òun.

Ẹ má bú bàbá o. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ta á fáwọn náà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì fi tọkàntọkàn tọ́jú ẹ̀ fún yín.

Mo ní dọ́là ńlá kan, orí ọkùnrin tó párí ló wà níwájú ẹ̀, 1776-1976 ni wọ́n kọ sí i. Ó ti tó 50 ọdún, ṣé ó ti lówó lórí? (Ìyá Bọ́lá, Atlanta)

Ìyá Bọ́lá, Ààrẹ Eisenhower nìyẹn, wọ́n rọ ọ́ láti 1971 dé 1978. Ẹ wo etí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà pupa bíi bàbà tó yí i po, kò sí fàdákà kankan nínú ẹ̀, dọ́là kan ni, bó bá sì wù yín ẹ lè ná an. Àwọn kan wà tí wọ́n rọ fún àwọn tó ń kó owó jọ, S ló wà lára wọn, wọ́n ní fàdákà ìdá 40 nínú 100, gíráàmù 24.59 ni wọ́n, ti ọjà lásán jẹ́ 22.68. Òṣùwọ̀n á sọ èyí tó jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, àwa mẹ́ta la jọ jogún Morgan 63 tí bàbá wa kó sínú agolo ní Maryland. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní ká pín in ní 21, 21, kí kálukú máa lọ. Èmi ò fọwọ́ sí i àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí ò ní dìjà. (Ọmọ kejì)

Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ dúró ná. Tẹ́ ẹ bá ka iye kẹ́ ẹ tó ka ojú wọn, ẹnì kan lè gba 21 tó jẹ́ 1921 lásán, Philadelphia nìkan rọ ju mílíọ̀nù 44 lọ lọ́dún yẹn, kí 1889 tó ní CC wá wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, 350,000 péré ni wọ́n sì rọ nínú ìyẹn. Ìjà tó máa jáde nígbà náà á burú ju èyí tẹ́ ẹ ń sá fún lọ.

Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sídìí tábìlì kan, ẹ tò wọ́n lọ́dọọdún, ẹ kọ ọdún àti lẹ́tà ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ kó àwọn tó wọ́pọ̀ tó ti jẹ sápá kan, ìyẹn lẹ lè fi iye pín láìsí wàhálà. Èyí tó bá ní CC, èyí tó ń dán gan-an, àti ọdún tí kò wọ́pọ̀, ẹ mú un lọ fún èèyàn mẹ́ta tó ń ta owó àtijọ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sọ iye tẹ́nì kan pè fún ẹnì kejì. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ fún gíréèdì o, owó iṣẹ́ wọn lè ju èrè tẹ́ ẹ máa rí lórí èyí tó wọ́pọ̀ lọ. Èyí tẹ́nì kan ti fọ̀ rí, wọn ò ní fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé wọ́n ti fọ̀ ọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kọ iye tí gbogbo ẹ̀ tó lọ́jọ́ tí bàbá kú sínú ìwé fún yín. Lábẹ́ òfin owó orí Amẹ́ríkà, iye ọjọ́ ikú yẹn ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka èrè yín látibẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tà á, kì í ṣe iye tí bàbá rà á nígbà yẹn, owó orí tó wà lórí èrè irú nǹkan báyìí sì lè tó ìdá 28 nínú 100. Tẹ́ ẹ bá tà á láìpẹ́ sí ọjọ́ yẹn, èrè tí wọ́n máa kà lè máà tó nǹkan.

Agolo yẹn ńkọ́? Ẹ yọ wọ́n kúrò níbẹ̀ lónìí, wọ́n ń gbá ara wọn nínú ẹ̀ nígbàkígbà tẹ́nì kan bá gbé e. Ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ike tiẹ̀, èyí tó le, kẹ́ ẹ má lo rọ́bà rírọ̀ tó ń rùn, PVC ló wà nínú ìyẹn, ó máa ń yọ omi àwọ̀ ewé sára fàdákà tó bá pẹ́.